Ìyá Àgbà àti Páǹpù Tó Ń Fọ Èéfín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú ẹkún ka ohun tí mò ń kọ yìí. Ìyá Àgbà wa ti lọ, òótọ́ ni. A ti sin ín sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Ìfọ̀, àwọn ààfáà ti ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, kálukú ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó tí mo rántí rẹ̀, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ń pa mí. Ara mi á yá gágá, bí ìgbà tó bá pè mí láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Múníra! Wá wọ mọ́tò, à ń jáde!"

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni mí. Ìyá mi ni ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ń gbé nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ẹ má retí kí n sọ ọdún tí wọ́n bí i tàbí ilé kéwú tó lọ fún yín, n kò mọ gbogbo ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni mọ́tò rẹ̀, ẹnu rẹ̀, ìjà rẹ̀, àti ohun tó ṣe lọ́dún tí orogún rẹ̀ ń lọ sí Mẹ́kà. Ohun tó ṣe yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́. Ó ti ń hó nínú mi láti ọjọ́ tí a ti sin ín.

Ẹ jẹ́ kí n fi mọ́tò bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò Amẹ́ríkà ni, gbọọrọ, aláwọ̀ ewé, ìjókòó rẹ̀ fẹ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì. Bọ̀dá Làmídì, àkọ́bí rẹ̀ tó lọ kàwé lọ́hùn-ún, ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wálé. Kò pẹ́ tó dé ni ìjọba gbé e lọ sí Kàdúná, wọ́n sì fún un ní mọ́tò iṣẹ́ níbẹ̀. Ló bá fi èyí sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó ní kí a wá dírẹ́bà tí yóò máa wà á. Ìyá Àgbà ní dírẹ́bà kẹ̀? Ó ní ẹsẹ̀ méjì ni dírẹ́bà ní, òun náà sì ní méjì.

Àkókò yẹn gan-an ni ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Háà, ẹ wo wàhálà! Àwọn ọkùnrin tó ti ń wa mọ́tò tipẹ́tipẹ́ wá dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ọwọ́ wọn á ṣàdédé yí sí òsì, ni wọ́n á bá fojú ko lọ́rì. Àárín rúkèrúdò yìí ni Ìyá Àgbà lẹ àmì akẹ́kọ̀ọ́ pupa mọ́ mọ́tò níwájú àti lẹ́yìn, tó kó sójú títì. Àwọn ará ọjà jáde wá wòran, wọ́n ń pariwo pé obìnrin àgbà yìí fẹ́ para rẹ̀. Kò para rẹ̀, kò sì pa ẹnì kankan. Bí wọ́n bá bi í pé báwo ló ṣe tètè mọ̀ ọ́n ju àwọn ọkùnrin lọ, á ní, "Èmi kò ní apá òsì kankan tí mo fẹ́ gbàgbé."

Ẹ ò tíì rí irú bó ṣe ń wà á rí. Á kọ́kọ́ so gèlè le koko. Á bọ́ bàtà sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi, nítorí ó ní bí òun bá wọ bàtà, òun kì í mọ ohun tí mọ́tò ń sọ. Á ké "Bìsìmílááhì!" débi pé àwọn aládùúgbò á máa dáhùn láti inú yàrá wọn. A ó wá gbéra. Ẹ má sì rò pé a ó tètè dé ibi tí à ń lọ o! Bó bá rí àgbàlagbà tó jù ú lọ lójú ọ̀nà, kò ní juwọ́ sí i láti inú mọ́tò bíi tàwọn yòókù. Á dúró gbọnyin, á pa ẹ́ńjìnnì, á sọ̀ kalẹ̀, á kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà gbígbóná, á kí ìyá tàbí bàbá náà tọmọtọmọ, á béèrè oko, á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Lọ́rì á ti tò sẹ́yìn wa, wọ́n á máa fọn fèrè, wọ́n á máa bú. Ní ọjọ́ kan, láti Ìfọ̀ dé Àgbàdo péré, oúnjẹ ọ̀sán tí a ń gbé lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti tutù nini kí a tó débẹ̀. Mo ń kùn. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Orí ìjókòó kọ́ ni wọ́n bí mi sí, tí màá fi máa jókòó kí àgbà."

Ohun kan ló kórìíra láyé: èéfín. Kí ẹnikẹ́ni má dáná sun pàǹtí nígbà tó bá wà nílé o. Aládùúgbò wa kan dán an wò, Ìyá Àgbà gbé garawa omi jáde, ó da á sí iná náà, ó sì tún bá onítọ̀hún jà nítorí omi tó fi ṣòfò. Ìgbà kan tún wà ní Àgbàdo, nítòsí ojú irin, tí ọkùnrin oníkóòtù kan bẹ̀ wá pé kí a gbé òun síwájú díẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìgbéraga, ó tan sìgá. Ìyá Àgbà rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ yan ọ̀kan nínú méjì. Ẹ jù ú nù, àbí ẹ bá a sọ̀ kalẹ̀."

Ojú la rò pé ó fà á. Gàrí ló ń yàn kó tó bẹ̀rẹ̀ òwò obì, ìdí agbada ló sì ti lo ìgbà èwe rẹ̀, èéfín igi sì ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ fún gbogbo ayé nìyẹn. Nítorí náà, ẹ lè mọ bí inú rẹ̀ ti dùn tó lọ́jọ́ tí Bọ̀dá Làmídì wá sílé fún ọlidé, tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó sì nawọ́ sí irin roboto kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí bẹ́líìtì ń yí. Bọ̀dá ní páǹpù afẹ́fẹ́ ni. Ó ní epo tí ẹ́ńjìnnì kò jó tán máa ń bá èéfín jáde, òun ló ń mú kí èéfín mọ́tò burú lára èèyàn. Páǹpù yìí ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i níbi tó ti gbóná, kó lè jó tán kó tó gba sàlẹ́ńsà jáde. Ó ní lọ́hùn-ún, òfin ni.

Ìyá Àgbà di apá rẹ̀ mú. "Làmídì, ó ń fọ èéfín?"

"Ẹ kúkú lè pè é bẹ́ẹ̀, Màámi."

Ó tán! Láti ọjọ́ náà, kí àlejò tó mu omi nílé wa, á kọ́kọ́ wo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó tuntun, ìmáàmù, òǹtajà obì láti Agége, gbogbo wọn ló wò ó. Ìyá Àgbà á dúró tì wọ́n, á fọwọ́ tọ́ka sí páǹpù náà, á ní, "Tiyín ń tu èéfín. Tèmi ń fọ̀ ọ́ kó tó tu ú."

Ó wá ku ìjà, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ìyàwó méjì ni Bàbá Àgbà fẹ́. Ìyá Àgbà ni ìyálé. Ìyá Kékeré, ìyá Bọ̀dá Sùlé, ló tẹ̀ lé e, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Ìyá Kékeré ní ikọ́ fée. Bó bá gbé e, àyà rẹ̀ á máa súfèé, èjìká rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, á máa wá èémí bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Yàrá tí wọ́n fún un nígbà tó di ìyàwó, ẹ̀gbẹ́ ibi tí Ìyá Àgbà ti ń yan gàrí ni fèrèsé rẹ̀ ṣí sí. Ó bẹ̀bẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, pé kí ìyálé òun jọ̀wọ́ gbé agbada lọ sí ẹ̀yìn ọgbà. Ìyá Àgbà ní ibẹ̀ lòun ti ń yan gàrí kí ó tó dé, ẹni tó bá dé bá èéfín kó máa bá èéfín gbé.

Ní ọjọ́ kan, àyà Ìyá Kékeré dì pátápátá, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù, gbogbo ilé ti ń sunkún. Ó yè é. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà dé, kò bá Ìyá Àgbà jẹun nínú àwo kan náà mọ́. "Ẹ kú àárọ̀", "Ẹ kú ilé", ó parí. Ohun tí Ìyá Àgbà náà ń fún un padà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Àgbà kú láìrí i parí. Láàárín àgbàlá kan náà, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, àwọn ìyá méjì yìí gbé bí àjèjì títí ọmọ wọn fi bímọ. Mo bi Ìyá Àgbà rí pé kí ló dé tí wọn kì í sọ̀rọ̀. Ó ń ṣa obì lọ́wọ́, kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ṣa tìẹ kí n ṣa tèmi."

Ó wá di ọdún tí wọ́n ṣí ọ̀nà tuntun tó gba Ìbàfò àti Mowé kọjá lọ sí Ìbàdàn. Ọdún náà ni Bọ̀dá Sùlé ní ìyá òun yóò lọ sí Mẹ́kà. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa: ẹni tó bá ń lọ á kọ́kọ́ yí ká, á bẹ gbogbo ẹni tó bá ti ṣẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá òun yóò padà. Ìyá Kékeré bẹ ará ilé, ó bẹ ará ọjà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nínú yàrá ni mo rí i tó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Àgbà.

"Ìyálé mi," ó ní, "ohun tí mo ṣe tó dùn yín, ẹ fi jì mí nítorí Ọlọ́run."

Mo gbé áyọ́ọ̀nù sókè, n kò mọ ibi tí màá gbé e sí. Ìyá Àgbà béèrè pé, "Ta ni yóò gbé ẹ dé Ìkẹjà, níbi tẹ́ ẹ ti máa wọ ọkọ̀ òfuurufú?"

"Sùlé ń wá mọ́tò."

"Kó má wá a mọ́. Èmi ni màá gbé ẹ."

Kò ní òun dárí jì í. Kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun náà. Mọ́tò ló fi dáhùn. Ìyá Kékeré dìde, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ayé ṣe! Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni páǹpù tó ń fọ èéfín bẹ̀rẹ̀ sí ké. Bí Ìyá Àgbà bá ti ṣíná sí mọ́tò báyìí, á máa han gooro bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. A pe Gàní mẹkáníìkì, ọmọ Ìkirè tó yá yàrá lẹ́yìn ọjà. Gàní tú bẹ́líìtì, ó fọwọ́ yí páǹpù náà, inú rẹ̀ ń rún wọ̀rùwọ̀rù bí ìgbà tí iyanrìn bá wọ ọlọ.

"Ó ti jẹ tán nínú, Ìyá," ó ní. "Bó bá dì lójú ọ̀nà, á já bẹ́líìtì, bẹ́líìtì yẹn náà ló sì ń yí omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Mọ́tò á gbóná, á dákú. Nó wàhálà, màá yọ ọ́ sọnù."

"Yọ kí ni sọnù?"

"Páǹpù náà. Kò sí mọ́tò kan ní gbogbo Ìfọ̀ tó ní irú ẹ̀, wọ́n sì ń rìn."

"Gàní, irú orí tìẹ náà kò sí ní gbogbo Ìfọ̀. Ká yọ ọ́ sọnù?"

Gàní rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo orí. Ṣùgbọ́n ó wá irú páǹpù náà dé Èkó, kò rí i. Ọjọ́ ìrìn àjò ń sún mọ́lé. Ìyá Àgbà gbà fún un pẹ̀lú ìbínú. Gàní yọ ọ́, ó wá bẹ́líìtì tó kúrú, ó sì fi agolo mílíìkì tó lù pẹlẹbẹ dí ẹnu páìpù tí páǹpù ti máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lọ sí ìdí ẹ́ńjìnnì. Ariwo dákẹ́. Inú mi dùn. A ní ká wà á dé ọ̀nà Òkè-Àró ká dán an wò.

A ò dé Òkè-Àró. Ooru ti jó agolo náà lu, èéfín ń gba ibẹ̀ tú sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ń gba ojú ihò afẹ́fẹ́ wọlé bá wa nínú mọ́tò. Gbogbo gíláàsì ló ṣí sílẹ̀ o! Síbẹ̀, ojú mi ń ta mí, ọ̀fun mi ń yún, mo wúkọ́ títí omi fi jáde lójú mi. Ìyá Àgbà dúró, ó fà mí jáde, ó ń gbá mi lẹ́yìn.

"Ìwọ tí ara rẹ le nìyí o," ó ní. "Ìyàwó ńkọ́?"

N kò gbọ́ kó pe Ìyá Kékeré ní ìyàwó rí. Ọ̀rọ̀ náà yé mi kíá. Bí a bá gbé obìnrin yẹn sínú èéfín yìí, ìdí sàréè la ń gbé e lọ. Bí a kò bá sì gbé e, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tí wọ́n máa sọ, nítorí wọ́n ti ń sọ ọ́ kí a tó wọ́ mọ́tò padà délé. Àwọn ẹbí Ìyá Kékeré ní ẹ ò rí i bí? Mọ́tò tó ń gbé ìyálé lọ sọ́jà lójoojúmọ́, ìgbà tó kan orogún ló wá bàjẹ́. Wọ́n ní ẹni tí kò tíì rí Mẹ́kà, báwo ni inú rẹ̀ yóò ṣe dùn sí ẹni tó ń lọ?

Bọ̀dá Sùlé wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní kí Ìyá má dara wọn láàmú mọ́, ẹbí ti rí mọ́tò mìíràn.

"Ìyá rẹ ló rán ẹ?"

"Rárá, Ìyá. Àwọn ẹbí ni."

"Wẹ́n ní èmi ni mo bà á jẹ́, àbí?" Bí inú bá ń bí i, Ẹ̀gbá ẹnu rẹ̀ ló máa ń jáde. Bọ̀dá Sùlé wolẹ̀. "Lọ sọ fún wẹ́n pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò tíì yẹ̀."

Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó dùn mí wọra. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu ayé nìkan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Gàní ló wọlé bí ìjì lọ́jọ́ kejì. "Ìyá! Ìyá! Mo ti rí ọmọ ìyá mọ́tò yín!" Mẹkáníìkì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Mowé ló sọ fún un. Irú mọ́tò wa gẹ́lẹ́ ló yí bírí, tó fẹ̀yìn sọ igi lójú ọ̀nà tuntun, wọ́n wọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìbàfò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló bàjẹ́, iwájú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, páǹpù náà wà níbẹ̀ digbí. Mo pàtẹ́wọ́, mo fò sókè. Gàní wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ẹni tó ni mọ́tò náà ló kú nínú rẹ̀, pé òun àti ẹlẹgbẹ́ òun lè yọ páǹpù náà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ìyá Àgbà dìde dúró. "Ganíyù," ó ní, "Mẹ́kà ni mo fẹ́ fi gbé èèyàn lọ. Kí n wá fi ẹrù òkú tí n kò tọrọ gbé e?"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ. A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìfọ̀ dé Agége, a wá wọ bọ́ọ̀sì tó gba ọ̀nà tuntun. A béèrè ilé olóògbé ní Ìbàfò, wọ́n fi hàn wá. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí ẹní, ó wọ dúdú, Bíbélì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà kò dárúkọ páǹpù rárá. Ó jókòó tì í sórí ẹní, ó kí i kú àmúmọ́ra, ó ní kó sọ irú ẹni tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ fún òun. Obìnrin náà sọ ọ́. Ó ní ọkọ òun fẹ́ràn mọ́tò yẹn débi pé Sátidé tí kò bá fọ̀ ọ́, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Gàní ń fẹsẹ̀ jó fìrìfìrì nítorí oòrùn ń lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ìgbà tí obìnrin náà sọ̀rọ̀ tán ni Ìyá Àgbà sọ ohun tó gbé wa wá.

"Ta lẹ fẹ́ fi gbé, Ìyá?"

"Orogún mi."

"Orogún?"

Ó wo Ìyá Àgbà, ó wo èmi, ó wo Gàní. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín náà ń gba àárín ìka jáde, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ sáré wá láti ẹ̀yìnkùlé wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí wọn kò gbọ́ ẹ̀rín ìyá wọn láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. "Ẹ wá láti Ìfọ̀, Ìyá, nítorí orogún!"

"Ó ya èmi náà lẹ́nu," ni Ìyá Àgbà wí.

Obìnrin náà nu ojú. "Ẹ lọ yọ ọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń jí mọ́tò náà. Lánàá, táyà ló lọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ kan ilẹ̀kùn mi." Kò gba kọ́bọ̀. Ohun kan ló ní a máa ṣe fún òun. Bí orogún bá dé ilẹ̀ àdúrà yẹn, kó bá òun dárúkọ Ìsíkíẹ́lì, ọkọ òun, níbẹ̀.

Ẹ wá wo Gàní lẹ́nu iṣẹ́! Ó da kẹrosíìnì sí àwọn bóòtù tó ti dípẹtà, ó gbá wọn, ó bẹ̀ wọ́n, ó fi wọ́n bú. Èyí tó kẹ́yìn kọ̀ jálẹ̀, òógùn bò ó, Ìyá Àgbà ń ké "Tún un yí!" lẹ́yìn rẹ̀, mò ń ké "Ó ń bọ̀!", ó sì wá lóòótọ́. Ó yọ páǹpù, ó sì yọ irin kékeré ẹnu páìpù tí kì í jẹ́ kí èéfín padà sẹ́yìn, nítorí ó ní tiwa tó ti bàjẹ́ ló jẹ́ kí iná jẹ páǹpù àkọ́kọ́. Nínú bọ́ọ̀sì, Ìyá Àgbà gbé páǹpù náà lé itan bí ọmọ ọwọ́, ó ń wí lábẹ́lẹ̀ pé "Ìsíkíẹ́lì, Ìsíkíẹ́lì," kó má bàa gbàgbé orúkọ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Gàní dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó gbé bẹ́líìtì wa tó gùn padà sí i, ó fà á le. Ìyá Àgbà gba sọ́pánà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun lòun máa de bóòtù tó kẹ́yìn. Ó ṣíná sí mọ́tò. A tẹ́tí sí i. Kò ké! Ó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́. Gàní tú ẹnu rọ́bà tí afẹ́fẹ́ páǹpù ń gbà kọjá, Ìyá Àgbà gbé àtẹ́lẹwọ́ sí i, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù ú. Ó kí orí bọ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń fi imú fa gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń wá ọbẹ̀ tó jóná, gèlè rẹ̀ já sórí bátìrì. Ó gbé orí sókè, epo dúdú wà nímú rẹ̀, ó pariwo tí gbogbo ọjà fi gbọ́ pé, "Ó ń fọ̀ ọ́ o!"

Ọjọ́ ìrìn àjò pé. Ìyá Kékeré jáde nínú aṣọ funfun. Ìyá Àgbà ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún un fúnra rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù. Àwọn ẹbí háyà bọ́ọ̀sì kan, wọ́n ń tẹ̀ lé wa. Mo mọ̀ pé wọ́n ń retí ibi tí a ó ti dákú kí wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ wa. Ìyá Kékeré di oògùn àyà rẹ̀ mú sínú ìkúùkù. Mò ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì, mò ń gbọ́ èémí Ìyá Kékeré, n kò mọ èyí tí mò ń tẹ́tí sí jù. Nítòsí Sàngó, lọ́rì kan wà níwájú wa tó ń tu èéfín dúdú kìjikìji. Ọwọ́ Ìyá Kékeré lọ sí àyà. Ìyá Àgbà tẹ fèrè mọ́lẹ̀, ó tẹ epo, mọ́tò Amẹ́ríkà náà gbéra bí ẹyẹ, a kọjá lọ́rì náà fíò, a sì fi bọ́ọ̀sì àwọn ẹbí sílẹ̀ sínú èéfín rẹ̀. Mo pariwo "Yéè!" láìmọ̀. Ìyá Kékeré rẹ́rìn-ín! A la Agége kọjá, a dé Ìkẹjà, mọ́tò kò gbóná, kò ké, kò dúró níbì kan.

Mo gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Àgbà sọ ọ̀rọ̀ Ìsíkíẹ́lì fún un, Ìyá Kékeré ní òun ti gbọ́, òun ó dárúkọ rẹ̀. Ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó la ìkúùkù, oògùn náà wà níbẹ̀, kò lò ó.

"Ìyálé mi," ó ní, "mo mí. Láti ilé títí dé ibí, mo mí dáadáa."

Ìyá Àgbà di ọwọ́ mọ́tò mú, kò wojú rẹ̀. Iwájú ló ń wò.

"Bó ṣe yẹ kí o ti máa mí nìyẹn láti ọjọ́ tí o ti wọlé ọkọ wa," ó ní. "Ìyàwó, dárí jì mí."

Bọ́ọ̀sì àwọn ẹbí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀, wọ́n ń nu ojú. Ìyá Kékeré kò dúró dè wọ́n. Ó padà wọ inú mọ́tò, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Èmi àti ẹrù wà níta. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ ọ́ lọ, àwọn méjèèjì, títí wọ́n fi pe àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà tí wọ́n sì tún wọn pè.